PSP ń kọ "Unsupported Data" sí fídíò tí a yí padà: kí la lè ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì nílé lóko. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi PSP-3000 kan, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé ti Sony, ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì mi. Inú mi dùn sí i gan-an, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí wọ́n lè máa fi wo fídíò láì gba fóònù mi lọ́wọ́ mi. Bí ọmọ bá ti gba fóònù báyìí, ẹ ò mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì máa gbé síwájú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó sórí ẹ̀ ò pọ̀: ẹ̀kọ́ ìṣirò tí mo fi fóònù yà fún wọn, fídíò ọdún Olósùnta tí a yà nílùú wa, àti ti ìgbéyàwó àǹtí wọn.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń kó fídíò sí káàdì fún àwọn èèyàn. Ó yí gbogbo ẹ̀ padà sí MP4, mo sanwó. Nígbà tí mo délé, PSP rí orúkọ àwọn fáìlì náà, ṣùgbọ́n "Unsupported Data" ló kọ sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo padà lọ, ẹni náà ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ yìí ń gba géèmù, ó ń kọrin, ó ń fi fọ́tò hàn. Ṣé lóòótọ́ ló bàjẹ́?

Ọmọ Ìjìgbò, Adó

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ yín. Fídíò yẹn ni wọn ò yí padà bó ṣe yẹ.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n gbà pé bí fáìlì bá ti ń jẹ́ MP4, PSP gbọ́dọ̀ ṣí i. MP4 ò ju ewé lọ. Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ náà la fi ń pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀, ìta ò sì lè sọ èyí tó wà nínú ẹ̀ fún yín. Nínú MP4 kan, ẹ lè bá H.264, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ fídíò di kékeré. Nínú òmíràn, ẹ lè bá H.265 tí wọ́n tún ń pè ní HEVC, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun fi ń ya fídíò. Ọdún 2004 ni Sony gbé PSP jáde ní Japan. Ọdún 2013 ni H.265 tó dé. Kò sí bí ẹ̀rọ yẹn ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n.

PSP mọ MPEG-4 àtijọ́, ó sì mọ H.264. Kódà, kì í ṣe gbogbo H.264 ló mọ̀. H.264 ní ìpele: Baseline, Main, High. PSP ń ka Baseline àti Main, kò ka High rárá, bẹ́ẹ̀ High ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayífídíò máa ń lò bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n àwòrán náà wà níbẹ̀. Ojú PSP jẹ́ píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 480 ní ìbú, 272 ní òró. Fídíò 1920 sí 1080 kò ní bá a mu láéláé, bó ti wù kí ohun inú ẹ̀ dára tó.

Ẹ bá mi gba ètò kan tó ń jẹ́ MediaInfo sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ṣí ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà, kí ẹ kọ ohun tó bá sọ nípa Format, Format profile, Width àti Height síbí.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Mo ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Ti ìṣirò: AVC, High@L4, 1920, 1080. Ti Olósùnta náà rí bẹ́ẹ̀. Ti ìgbéyàwó, HEVC ni mo rí níbẹ̀.

Ọmọ Ìjìgbò, Adó

Ẹ ti rí i báyìí. Ẹni tó gbowó yín ò yí ohunkóhun padà, mà. AVC tí ẹ rí yẹn náà ni H.264, ṣùgbọ́n High ni, ó sì tóbi ju ojú PSP lọ. Èyí tó jẹ́ HEVC, bó ṣe jáde nínú fóònù ló fi í sílẹ̀.

Ẹ lọ gba HandBrake, ètò tó ń yí fídíò padà. Ọ̀fẹ́ lòun náà, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ fa fídíò yín sínú ẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ Format sí, ẹ yan MP4. Ẹ lọ sí Dimensions. Bí ẹ bá kọ 480 sí ìbú, òun fúnra ẹ̀ máa fẹ́ fi òró sí 270, torí bí fídíò fóònù ṣe rí nìyẹn. Ẹ sọ Anamorphic di None, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Keep Aspect Ratio bí ẹ bá rí i níbẹ̀, kí ẹ wá kọ 272 fúnra yín. Ìyàtọ̀ ìlà méjì yẹn, ojú ò ní mọ̀ ọ́n. PSP ní tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí 480 àti 272 ni nọ́ńbà méjèèjì tó ṣeé pín sí 16 láìṣẹ́kù, ọ̀nà yẹn ni H.264 sì ń gbà gé àwòrán.

Ní Video, ẹ yan H.264 (x264). Framerate, ìyẹn iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi sí 29.97, kí ẹ sì tẹ Constant Framerate kí ó má bàa máa yí padà. Encoder Profile, ẹ yan Main. Encoder Level, ẹ yan 3.0. Avg Bitrate, ìyẹn iye dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ kọ 768. Ní Audio, AAC, Stereo, 128, kí Samplerate jẹ́ 48.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já ló kù. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé Video tí wọ́n ń kọ àfikún àṣẹ sí. Ẹ lẹ èyí mọ́ ọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́:

ref=3:bframes=2:b-pyramid=none:weightp=0

Èèyàn lè ṣe gbogbo ti òkè yẹn láìṣì, kí PSP ṣì kọ̀, torí weightp àti b-pyramid. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọgbọ́n tí x264, ètò tó ń ṣe H.264 nínú HandBrake, ń dá láti sọ fídíò di kékeré, ó sì máa ń tan wọ́n fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ inú PSP tó ń tú fídíò sílẹ̀ kò mọ ọgbọ́n náà. Ó lè kọ̀ láti ṣí i, tàbí kó ṣí i kí àwòrán máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èèyàn bá ti ń rìn nínú ẹ̀.

Bí ó bá ti parí, ẹ so PSP mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wá wáyà USB tó ní ẹnu mini, kì í ṣe micro tí a ń fi sí fóònù. Lórí PSP, ẹ lọ sí Settings, ẹ yan USB Connection. Ẹ máa rí káàdì ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́ldà kan ń jẹ́ VIDEO níbẹ̀, inú ẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí. Bí kò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín, lẹ́tà ńlá ni gbogbo ẹ̀, kí ó wà níta pátápátá, kí ó má wọ inú fọ́ldà tí wọ́n pè ní PSP.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìjìgbò ti sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi ọ̀nà mìíràn kún un fún ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò lágbára tàbí tó ní fídíò púpọ̀. FFmpeg ni mo ń lò, kò ní ojú téèyàn ń tẹ̀, àṣẹ lèèyàn ń kọ sí i. FFmpeg tilẹ̀ ní ọ̀nà ìdì kan tí wọ́n dìídì ṣe fún PSP, ẹ wo "-f psp" níparí ẹ̀:

ffmpeg -i olosunta.mp4 -vf "scale=480:272:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=480:272:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,setsar=1" -c:v libx264 -profile:v main -level 3.0 -x264-params ref=3:bframes=2:b-pyramid=none:weightp=0 -b:v 768k -r 30000/1001 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 128k -ar 48000 -ac 2 -f psp olosunta_psp.mp4

Apá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú scale yẹn wúlò púpọ̀ fún fídíò tí wọ́n dá fóònù dúró yà. Tí ẹ bá fi agídí sọ fídíò gígùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀ di 480 sí 272, gbogbo èèyàn inú ẹ̀ máa fẹ̀ gbàràjà. Àṣẹ yìí máa dín in kù títí òró ẹ̀ á fi bá ojú PSP mu, á sì fi dúdú dí ọ̀tún àti òsì. Àwòrán máa kéré, ṣùgbọ́n ojú èèyàn á jọ ojú èèyàn.

Ní ti àyè: 768 ti àwòrán àti 128 ti ohùn jẹ́ 896 kbps. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 403 MB fún wákàtí kan. Káàdì 8 GB á gba bíi wákàtí 19. Màmá Ìbejì, ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ẹ jókòó sójú kan yà ò nílò tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi sí 400, kò sí ohun tó máa ṣe àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ sójú pátákó. Ti ọdún ni kí ẹ fi àyè fún, torí bí èrò bá ń jó tí ìlù ń dún, gbogbo ibi nínú àwòrán ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni àbùkù Bitrate kékeré ti máa ń hàn.

Bọ̀dá Ìkọ̀lé

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná o. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń yí fídíò padà lọ́wọ́, ẹ pa fáìlì yẹn rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìparí pátápátá ni wọ́n máa ń kọ atọ́ka MP4, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Fáìlì tí kò parí lè tóbi tó 300 MB kí ó má sì ṣí níbì kankan, lórí PSP tàbí lórí fóònù. Lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ dá ṣáṣá ni kí ẹ ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá ń kó o sínú PSP: ẹ tẹ Eject lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fa wáyà yọ.

Ọ̀rọ̀ káàdì wá ni èmi fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ibí yìí fiyè sí. Memory Stick PRO Duo gidi, káàdì tí PSP ń lò, ti ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni adáápítọ̀ tí wọ́n ń ki microSD tí fóònù ń lò bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni ayédèrú. Wọ́n ta ọ̀kan fún mi tí wọ́n kọ 32 GB sí lára. Fídíò tí mo kọ́kọ́ kó sí i ń ṣí, àwọn tó tẹ̀ lé e ń já láàárín, mo sì ń yí wọn padà léraléra torí mo rò pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Káàdì irú èyí máa ń purọ́ fún ẹ̀rọ nípa bí àyè inú ẹ̀ ṣe tó. Bí àyè gidi bá ti kún, ohun tuntun á máa kọ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, kò sì ní sọ fún yín. Ètò kan wà fún Windows tó ń jẹ́ H2testw. Ó máa kọ nǹkan kún káàdì náà, á sì kà á padà. F3 ni ti Linux. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá ra káàdì, nígbà tí ẹni tó tà á ṣì rántí ojú yín.

Bí káàdì bá yege, ẹ fi PSP fúnra ẹ̀ fọ́mátì rẹ̀: Settings, System Settings, Format Memory Stick. Gbogbo ohun inú ẹ̀ máa lọ, nítorí náà ẹ kó géèmù àwọn ọmọ sí kọ̀ǹpútà ná.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun ṣeun. Àwọn ọmọ àti àbúrò mi, Ọlọ́run á bá mi dá yín lóhùn. Ti ìṣirò ti ń ṣí, ti Olósùnta náà ń ṣí, àwòrán ẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ti ìgbéyàwó ló kù díẹ̀ káàtó: ó ṣí, ṣùgbọ́n bó bá ti lọ díẹ̀, ẹnu alága ìdúró á ti pa dé kí a tó gbọ́ ohun tó sọ. Bó ṣe ń lọ ló ń burú sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́

Màmá, ṣé Constant Framerate lẹ tẹ̀ nínú ti ìgbéyàwó, àbí ó ti padà sí Variable?

Ọmọ Ìjìgbò, Adó

Ibẹ̀ gan-an ni. Fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé àríyá tí iná ò mọ́lẹ̀ dáadáa, ó máa ń dín in kù kí àwòrán má bàa ṣókùnkùn, níta gbangba ó tún máa ń pọ̀ sí i. Fóònù mọ bó ṣe ń tẹ̀ lé e. Lórí PSP, àwòrán àti ohùn á máa jìnnà síra. Ẹ yan ti ìgbéyàwó yẹn padà nínú HandBrake, ẹ wo Video dáadáa kí ẹ tó tẹ Start, torí bí ẹ bá tún Preset (ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) yàn, gbogbo ohun tí ẹ ti ṣètò ló máa padà sí bó ṣe wà. Ẹ tọ́jú ètò yín pẹ̀lú Save New Preset, kí ẹ pè é ní PSP, ẹ ò ní máa kọ ọ́ lákọ̀tun mọ́.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Variable ló wà lóòótọ́. Mo ti tún un ṣe, ohùn àti ẹnu ti bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, ti èmi ni PSP-1000, èyí tó nípọn. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, 480 sí 272, kò gbà. Fídíò náà ṣí lórí PSP-3000 ọ̀rẹ́ mi.

Bọ̀dá Ìkọ̀lé

Àbúrò, lọ sí Settings, System Settings, System Information, kí o wo nọ́ńbà tó wà níwájú System Software, ìyẹn ètò tí PSP fúnra ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá kéré ju 3.30 lọ, ohun tó fà á nìyẹn. Títí di 3.30 tó jáde ní 2007, PSP ò gba kí H.264 orí káàdì tóbi tó ojú ẹ̀; 320 sí 240 ni wọ́n fi mọ. Yálà kí o gbé System Software ẹ̀ sókè, 6.61 ni Sony ṣe kẹ́yìn, tàbí kí o yí fídíò padà sí 320 sí 240. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún kí o tó gbé System Software sókè, kí o sì so PSP mọ́ iná mànàmáná, torí bó bá kú láàárín ìyẹn, ẹ̀rọ lè má tan mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé bátìrì yẹn ti wú débi pé ó ń ti ìdérí ẹ̀yìn, má ṣe so ó mọ́ iná mànàmáná rárá, yọ ọ́, wá òmíràn.

Àwọn System Software tó pẹ́ gan-an ò tilẹ̀ mọ fọ́ldà VIDEO. Nínú wọn, ìwọ lo máa dá fọ́ldà MP_ROOT sílẹ̀, kí o dá 100ANV01 sínú ẹ̀ fún H.264, orúkọ fáìlì á sì jẹ́ MAQ00001.MP4, MAQ00002.MP4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ mìíràn, kò ní rí i. Ti MPEG-4 ń lọ sí 100MNV01, M4V00001.MP4 ni wọ́n ń pè é.

Àbíkẹ́ Ìjerò

Ẹ̀yin tó ń lo Mac, ẹ fiyè sí èyí. Bí ẹ bá kó fídíò kan sórí PSP, ẹ lè rí méjì: ọ̀kan á ṣí, ìkejì á kọ "Unsupported Data". Kò sí ohun tó ṣe fídíò yín. Mac máa ń fi fáìlì kékeré kan tì í, orúkọ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ._ lórí káàdì irú èyí. Ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán tó dára níwájú orúkọ fídíò lórí PSP, ẹ ṣe fọ́tò JPEG kan tó jẹ́ 160 sí 120, ẹ fún un lórúkọ kan náà pẹ̀lú fídíò yẹn, kí ẹ sọ ìparí ẹ̀ di .THM, kí ẹ kó o sínú fọ́ldà kan náà. Fún ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa, ó wúlò gan-an.

Mo tún fẹ́ bèèrè: fídíò mi kan ní ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lábẹ́, kò hàn lórí PSP.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́

PSP kì í ka ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò tó dá dúró. Ní Subtitles nínú HandBrake, ẹ yan Burn In, á lẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Lẹ́tà kékeré máa ṣòroó kà lójú tó kéré tó yìí o, àǹtí, ẹ dán ìṣẹ́jú kan wò kí ẹ tó yí gbogbo ẹ̀ padà.

Ọmọ Òmùò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa àgbà fẹ́ wo ti ìgbéyàwó irú eléyìí, ṣùgbọ́n ojú PSP ti kéré jù fún wọn. Ṣé ó ṣeé gbé sórí tẹlifíṣọ̀n?

Ọmọ Ìjìgbò, Adó

Ó ṣeé ṣe bó bá jẹ́ PSP-2000 tàbí 3000. PSP-1000 ò ní ihò tí àwòrán ń gbà jáde, má náwó lé wáyà fún un. Wáyà AV tó ní ẹnu pupa, funfun àti yẹ́lò ni kó o béèrè, kí o sọ pé ti PSP ni, torí ẹnu tó wọ ẹ̀rọ yẹn yàtọ̀. Bó o bá ti mọ̀ pé orí tẹlifíṣọ̀n lẹ ti máa wò ó, má lo 480 sí 272, àwòrán á ṣú ráúráú bó bá fẹ̀. Yí i padà sí 720 sí 480, Main àti Level 3.0 náà ṣì ni, gbé Bitrate lọ sí 1500, kí o sì yan Full Screen ní Screen Mode nígbà tó bá ń ṣeré lọ́wọ́.

So wáyà mọ́ ọn tán, tan tẹlifíṣọ̀n sí AV, kí o wá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lábẹ́ ojú PSP, èyí tí wọ́n ya ojú ẹ̀rọ kékeré sí. Má yára gbọ́wọ́ kúrò. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, ojú PSP á kú, àwòrán á bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.